Ẹ̀rọ Tí Ó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Ní ọjọ́ tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní abà wa tí kò jìnnà sí Akánrán, àwọn ẹbí jókòó sí abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti lọ, wọ́n sì ní kí n mú ohùn Bàbá jáde kí àwọn gbọ́. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé mo ti jókòó ti Bàbá fún ọ̀sán mẹ́ta ní ọdún tí ó ṣáájú ikú wọn, tí mo ń fi ẹ̀rọ orin kékeré kan gba ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo yọ ẹ̀rọ náà nínú àpò mi, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀, kò mira. Ojú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Ìyá àgbà kan, ìyàwó ilé wa, mi orí, wọ́n ní, "Ó ti bá ẹni tí ó ni ohùn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni. N kò ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ibòmíràn. Inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ni mo fi í sí, mo sì ti ẹ̀rọ náà mọ́ inú àpótí fún oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí mo ṣe wá ọ̀nà àtijí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn bí ohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú ẹ̀rọ ní abà wa. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn fẹ́ràn àtimáa sọ ti ọba àti ti ogun. A kì í sábà bèèrè pé inú kí ni ohùn àwọn baba wa ń gbé, àti pé ta ni ó ń tún ibẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá jò.

Ọdún 1877 ni Thomas Edison ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Emile Berliner mú àwo pẹlẹbẹ wá, irú àwo yìí ni ó sì wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1936, Túndé King gbé orin jùjú sínú àwo. Nígbà tí ó sì di ọdún 1948, àwo Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó jáde. Owó kòkó ni ó gbé àwọn àwo bẹ́ẹ̀ dé oko Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn a máa ní ilé ní ìgboro, a sì máa ní abà ní oko, ní apá Ẹgbẹ́dá, ní Lálúpọn, ní Mọníyà, tàbí ní Akánrán. Bí ó bá ta kòkó tán, a ra aṣọ, a ra páànù tí yóò fi bo ilé, ẹni tí owó rẹ̀ bá sì ṣẹ́ kù a ra giramafóònù.

Giramafóònù yìí kò béèrè iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń yí i kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè le, abẹ́rẹ́ irin a sì máa tọ ojú àwo lọ. Ojú kan àwo ìgbà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bàbá sọ fún mi pé bí sípíríǹgì bá já ní abà wa, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá sì kújú, wọn a lọ̀ ọ́ lára òkúta, wọn a tún fi kọ orin púpọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Gbogbo àrùn ẹ̀rọ náà ni ojú ń rí. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè tú u, kí ó sì tún un tò.

Rédíò kò tètè dé abà. Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi waya pín ohùn láti ilé dé ilé ní Èkó. Ní ọdún 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sí ilé oníbàárà, a sì ń san owó lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé yóò bá ọ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kò sì ní gba èsì kan lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí waya bá dé ni ohùn dé, waya kò sì dé oko. Ohun tí ó gbé rédíò dé abẹ́ igi kòkó ni tàǹsísítọ̀, èyí tí Bardeen àti Brattain kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní òpin ọdún 1947. Láti ọdún 1954 ni a ti ń ta rédíò alápò tí ó ń lo tàǹsísítọ̀ àti bátìrì ní ilẹ̀ wọn. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n abà tí kò ní iná kò lè rí i wò. Rédíò oníbátìrì ni tiwọn.

Bátìrì sì wọ́n lójú àgbẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọn a tò ó sí orí páànù kí oòrùn pa á, ní ìrọ̀lẹ́ rédíò a sì tún sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Họ́láǹdì mú kásẹ́ẹ̀tì jáde, ìyàtọ̀ ńlá ni ó sì mú wá. Láyé àwo, ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ń gba ohùn sílẹ̀. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Wàásù, ewì, ẹkún ìyàwó, ìwúre ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo rẹ̀ ni ó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí bí a ṣe ń ki bíró bọ ihò rẹ̀ kí a fi yí i padà, kí bátìrì má bàa tán. Bí ohùn bá ń lọ́, a ó fi òwú àti lọ́fínńdà nu ẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá já, a ó fi sẹ́lótéèpù so ó, orin yóò fo díẹ̀ níbẹ̀, a ó sì mọ ibi tí ó ti ń fo sórí bí a ti mọ orin náà.

Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀ràn yí padà. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tí ó ṣe ọ̀nà tí a fi ń sọ orin di kékeré, nípa yíyọ ohun tí etí kò lè gbọ́ kúrò nínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní orúkọ mp3. Ní ọdún 1998, ẹ̀rọ alápò tí ó ń kọ ọ́ jáde láti ilẹ̀ Kòríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, Apple mú iPod wá, wọ́n ní yóò kó ẹgbẹ̀rún orin sínú àpò ènìyàn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ní sípíríǹgì tí alágbẹ̀dẹ lè wò, kò sì ní okùn tí a lè so. Ohun tí ó ń darí rẹ̀ ni àkójọ àṣẹ kan tí ilé-iṣẹ́ kọ sí inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àṣẹ yìí ni ó ń sọ fún un pé bí a bá tẹ ibí, kí ó kọrin. Bí a bá tẹ ọ̀hún, kí ó dákẹ́. Bí mo bá fẹ́ fi èdè wa pè é, orí inú ẹ̀rọ ni. Ilé-iṣẹ́ a sì máa ti orí yìí pa, tí ẹni tí ó fi owó ra ẹ̀rọ kò ní lè wo inú rẹ̀. Bí orí náà kò bá dára, àfi kí ó fara mọ́ ọn bí ẹni tí ó yan orí tí kò jinná nílé Àjàlá.

Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Sweden mẹ́ta, Björn Stenberg, Linus Nielsen Feltzing àti Daniel Stenberg, kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ orin Archos ti ilẹ̀ Faransé ni ó wà lọ́wọ́ wọn ní òpin ọdún 2001, orí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n wádìí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orí mìíràn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Rockbox ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò tà á. Wọ́n fi í han gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ dá sí i. Wọ́n gbé e lọ sínú iriver, sínú iPod, àti sínú ẹ̀rọ púpọ̀ mìíràn. Wọ́n tún fún un ní ohùn tí ó ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè, kí àwọn tí kò fi ojú ríran lè dá lò ó. Apple fúnra wọn dáwọ́ iPod dúró ní ọdún 2022, síbẹ̀ iPod àtijọ́ tí ó ní Rockbox nínú ṣì ń kọrin. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ wọn yìí àti iṣẹ́ ẹni tí ó ń sá bátìrì sí orí páànù. Àwọn méjèèjì kọ̀ láti gbà pé ilé-iṣẹ́ ni yóò sọ ọjọ́ tí ohun tí àwọn fi owó rà yóò kú.

Nǹkan méjì ni ó mú kí èmi náà fi Rockbox sí ẹ̀rọ tèmi. Èkíní, orí tí ó bá a wá kò mọ ẹ, ọ àti ṣ wa. Àpótí òfìfo ni ó ń fi sí ipò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni orin oko, orin ọkọ àti orin ọkọ̀ kì í ṣe orin kan náà. Nínú Rockbox, mo lè fi irú lẹ́tà tí ó ní àmì wa sí i. Èkejì, ó jẹ́ kí n gba ohùn sílẹ̀ láìyọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tóbi, bí ó bá jẹ́ ti etí méjèèjì, ìṣẹ́jú kan lè gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan bá mi yan èyí tí yóò fi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abẹ́ igi ọsàn. Ìyá àgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní kí n gbé ẹ̀rọ náà sí oòrùn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò ṣe é. Ohun tí ó ń jí bátìrì ayé àtijọ́ ni ó lè pa ti òde òní. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ ooru, a máa wú, nígbà mìíràn a sì máa gbiná.

Mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ dúdú lè má kú. Ó lè jẹ́ pé ó dákú ni, tí orí inú rẹ̀ ń yí lójú kan tí kò sì gbọ́ ìpè. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì náà pẹ́, ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò já iná láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń jí báyìí. Tèmi kò jí.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí ìgboro, nítorí pé iná kò sí ní abà. Bátìrì tí ó ti gbẹ pátápátá kì í gba iná lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún un, bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta tí a ń fi ṣíbí bu ògì sí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó sì ní ó ti kú, ó kánjú. Mo so ó mọ́ iná mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ tàn. Ayọ̀ mi kò pẹ́: ó kọ ọ́ síta pé òun kò rí fáìlì, ó sì dúró síbẹ̀ bí òpó.

Mo gbé e tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe lọ. Ó wò ó, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, pé òun yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, òun yóò tún orí rẹ̀ sí i, yóò sì dà bí tuntun. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá jí tí ohùn Bàbá sì parẹ́, kí ni mo jí? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbà á padà.

Àwọn tí ó ṣe Rockbox gbọ́n. Nínú irú ẹ̀rọ tèmi, wọn kò pa orí àkọ́kọ́. Wọ́n jẹ́ kí ó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Bí a bá di bọ́tìnnì kan mú nígbà tí a ń tan ẹ̀rọ, orí àtijọ́ ni yóò dìde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde. Mo fi waya so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí nǹkan wà àti ibi tí ó ṣófo. Orí ẹ̀dà yìí ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó kù, kí n má bàa fi àtúnṣe ba ohun tí ó ṣẹ́ kù jẹ́.

Nígbà náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yé mi. Ní ọ̀sán kẹta, mo rí i pé bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá dùn, n kò sì fẹ́ dá wọn dúró. Bátìrì náà ti gbó. Ó kú lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ ohùn sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dà bí ilé ìkàwé: ìwé wà lórí pẹpẹ, ìwé atọ́ka sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ohùn ọ̀sán méjì àkọ́kọ́ wà lódidi. Ti ọ̀sán kẹta wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n a kò ráyè parí àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka, ojú ewé tí Rockbox wà sì ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Mo ní kí kọ̀ǹpútà yẹ ìwé atọ́ka wò, kí ó sì kó gbogbo ohun tí kò ní orúkọ jọ. Ó kó wọn jọ, ó sì sọ èkíní ní FILE0000.CHK. Orúkọ tí kọ̀ǹpútà sọ ohùn Bàbá nìyẹn.

Fáìlì náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé ibi tí ó yẹ kí a kọ gígùn rẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí ó tọ́ nínú. Mo ní kí kọ̀ǹpútà má wo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, kí ó ka gbogbo rẹ̀ bí ohùn lásán. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo ṣi ìwọ̀n rẹ̀ sọ, ariwo bí òjò lórí páànù ni ó jáde. Mo tún un sọ, pé ìwọ̀n 44,100 ni fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 16. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ. Mo gbọ́ tí Bàbá wúkọ́, wọ́n ní, "Ṣé ó ń gbọ́ mi báyìí?" Mo bú sẹ́kún.

Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn èyí ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968 ni àwọn àgbẹ̀ dìde sí ọ̀ràn owó orí ní Ìbàdàn. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn ni Táfà Adéoyè ti Akánrán. Wọ́n ní òkè mẹ́fà ni àwọn yóò san, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè, nítorí ṣílè márùn-ún ni a ń pè ní òkè kan. Ní ọdún 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ ni ìjọba sọ owó orí náà kalẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Àwọn ìwé sọ èyí. Ohun tí ìwé kò sọ ni bí oúnjẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó sá sínú igbó, ohun tí àwọn obìnrin ń sọ fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, àti bí ẹ̀rù ṣe ba Bàbá, tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Gbogbo èyí wà nínú FILE0000.CHK. Ní ìgbẹ̀yìn, Bàbá ní kí n jẹ́ kí àwọn ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò padà wálé. Wọ́n dárúkọ méjì. Ẹnu ẹ̀kẹta ni ohùn ti gé. Ìyókù kò sí lórí pẹpẹ kankan, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Ní fìdáù ọjọ́ ogójì mo gbé e dé abẹ́ igi ọsàn. Mo ti fi ẹ̀dà mẹ́ta pamọ́ sí ibi mẹ́ta, mo ti tún Rockbox sí ẹ̀rọ náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Bàbá bèèrè bóyá ó ń gbọ́ wọn, Ìyá àgbà dáhùn pé, "A ń gbọ́ yín, Bàbá."

Ọ̀ràn ẹ̀dà yìí kì í ṣe tuntun fún ìtàn wa. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá wọn ní ọdún 1897. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò wọn, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó sì fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù tún ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ogun dé. Ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì ní ọdún 1916, a sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù nílé, ìwé tí gbogbo wa ń gbà kà lónìí ìbá ti parẹ́ bí orúkọ ẹ̀kẹta yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun méjì ni mo rí kọ́. Ẹni tí ó lè tú ohun kan kí ó sì tún un tò, òun ni ó ni ín. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ yá a lò ni, bí ó tilẹ̀ san owó rẹ̀ pé. Èkejì rèé: bí ẹ bá ní ohùn àgbà kan nínú fóònù tàbí nínú ẹ̀rọ yòówù tí ó lè jẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ fìdáù. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní alẹ́ yìí, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, abà tí ó ti sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lẹ́yìn èyí, kò ní bá ohùn lọ.